Bí Alága Ṣe Lè Bójú Tó Ẹni Tó Ń Da Ìpàdé Àwọn Olùtọ́jú Ẹsẹ̀ Rú

Egbò ẹsẹ̀ kì í dúró de ìpàdé. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn, gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015 sọ pé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ní ìṣòro tó ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ikọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, bí ìṣòro náà bá sì lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ariwo gba ìdajì wákàtí mọ́ àwọn tó yẹ kó pinnu lórí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, orí aláìsàn ni àdánù náà ń já lé.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní Bìrìtéènì, tí wọ́n sì ń ṣe alága tàbí akọ̀wé ìpàdé ẹ̀ka, ìpàdé ẹ̀kọ́, tàbí ìpàdé tí wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn yẹ̀ wò, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò wúlò fún àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà náà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí alága dì mú ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìwà ni kó máa ká lọ́wọ́ kò, kó má ṣe ká èrò lọ́wọ́ kò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ìjà ti ń wá

Ní Bìrìtéènì, òfin ló dáàbò bo orúkọ oyè "podiatrist" àti "chiropodist", tí méjèèjì túmọ̀ sí olùtọ́jú ẹsẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ méjèèjì yìí pe ara rẹ̀ fún aráàlú. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó dáàbò bo orúkọ "foot health practitioner", tí a ń gé kúrú sí FHP. Ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lè máa jẹ́ ẹ, ó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó bá wù ú, ó sì lè má forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ wá kó àwọn méjèèjì sínú gbọ̀ngàn kan, kí ẹ fi nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń wọn bàtà fún aláìsàn kún wọn. Ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì kó tó gba oyè rẹ̀ lè máa wo FHP bí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, FHP náà sì lè ti gbọ́ àbùkù tó pọ̀ débi pé ìbéèrè lásán yóò máa dà bí èébú létí rẹ̀.

Nílé, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí náà gbọ́nmi-si-omi-ò-to tó wà níbẹ̀ máa ń dá lé ipò: ta ló lẹ́nu láti tako ọ̀gá? Alága tí kò bá mọ̀ pé irú ẹ̀tẹ́ àtijọ́ yìí wà nínú yàrá kó tó ṣí ìpàdé yóò máa rò pé ọ̀rọ̀ èékánná ni àwọn èèyàn ń jà lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi òfin sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé

Òfin tí a ṣe lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo la torí rẹ̀ ṣe é, ẹni náà kò sì ní gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara tutù, kí ó má ju ojú ìwé kan lọ, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò sí i, kí akọ̀wé sì máa kà á sókè nígbàkigbà tí ẹni tuntun bá wọlé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹsẹ̀ tó wà níwájú wa la ó máa sọ, a kò ní sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí òfin sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ aláìsàn tàbí fi àwòrán tí a lè fi dá a mọ̀ hàn. Kí ó sì sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tó jẹ mọ́ ohun tí a ń jíròrò, yálà ìtẹ́lẹ̀ bàtà ni tàbí ẹ̀rọ ìtànṣán fún èékánná tó ní àrùn olú, gbọ́dọ̀ jẹ́ ká mọ̀ kó tó la ẹnu.

Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ oyè sínú òfin yìí pẹ̀lú, nítorí pé bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò máa jí dìde ní gbogbo ìpàdé. Gbólóhùn kan tó: "Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa jẹ́ orúkọ oyè tí òfin gbà á láyè láti jẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹjọ́ lórí orúkọ oyè ẹlòmíì, HCPC ni kó kọ̀wé sí." Láti ọjọ́ náà lọ, nígbà tí ẹnì kan bá tún gbé e dé, alága kò ní láti jiyàn mọ́, yóò kàn nawọ́ sí ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya alátakò sọ́tọ̀ kúrò lára adàlúrú

Ibí ni mo fẹ́ kí alága ti fara balẹ̀ jù lọ. Ìtàn iṣẹ́ ẹsẹ̀ kún fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò dùn létí àwọn ẹgbẹ́ wọn, tó sì padà jẹ́ pé àwọn ló mọ ọ̀nà. Ignacio Ponseti, dókítà ọmọ ilẹ̀ Spain tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940 sí í fi ọwọ́ tún ẹsẹ̀ ọmọ tuntun tó wọ́ láti inú oyún ṣe, díẹ̀díẹ̀, tó sì ń fi P.O.P. dì í láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ dípò kó fi ọ̀bẹ là á gbàràgàdà. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1963. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi kọ etí ikún sí i, tí wọ́n ń la ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, tí ẹsẹ̀ náà sì ń le gan-an tí wọ́n bá dàgbà. Lónìí, ọ̀nà Ponseti ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kárí ayé, wọ́n sì ń lò ó ní Nàìjíríà. Bákan náà ni Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó bá àwọn adẹ́tẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà. Àwọn èèyàn gbà pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ ń jẹrà fúnra rẹ̀ ni. Brand dúró lórí rẹ̀ pé ara tí kò mọ ìrora mọ́ ni aláìsàn ń fi rìn lórí ọgbẹ́ láìmọ̀. Orí òye yẹn ni a ṣì ń dúró sí tí a bá ń tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Alága tó bá lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jáde nítorí pé ohùn rẹ̀ le ti ṣe ibi ńlá. Báwo la ṣe wá ń dá wọn mọ̀? Mo máa ń wo ohun mẹ́ta. Alátakò a máa sọ ohun tí a lè lọ yẹ̀ wò: ìwọ̀n, àwòrán, ìwádìí, aláìsàn tó rí. Bí a bá fún un lésì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kàn yóò fi hàn pé ó gbọ́ èsì náà, kódà bí kò bá gbà á. Bí ìpàdé bá sì kúrò lórí kókó náà, yóò bá wọn kúrò níbẹ̀. Adàlúrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa gbé wọ inú gbogbo kókó, èsì tí a fún un lóṣù tó kọjá kò sí nínú ohun tó ń sọ lóṣù yìí, bí ẹ̀rí rẹ̀ bá sì tán, yóò kọjú sí ìwé ẹ̀rí tàbí ìlú ẹlòmíì.

Ẹ má gbàgbé pé ẹnì kan náà lè jẹ́ méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń sọ tọ̀nà, kó sì máa sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa ká ìwà lọ́wọ́ kò, kí ẹ sì jẹ́ kí èrò dúró lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nínú yàrá, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ parí

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Nọ́ọ̀sì kan gbé ọ̀rọ̀ obìnrin ẹni ọdún 58 kan kalẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ọdún 15. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó pọ́n, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n kò sí egbò kankan níbẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kò yí padà. FHP kan tó jókòó lẹ́yìn sọ pé òun rò pé ẹsẹ̀ Charcot ni, ìyẹn àrùn tó ń mú kí egungun ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ máa fọ́. Kó tó parí ọ̀rọ̀, podiatrist kan dìde, ó ní: "Ẹni tó ń gé èékánná kiri kò lẹ́nu láti dárúkọ àrùn." Ariwo bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì dìde, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn alága ni láti bá ẹni tó sọ̀rọ̀ àbùkù wí lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá a dúró ná, nítorí pé bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò di tiyín àti tirẹ̀, obìnrin yẹn yóò sì sọ nù sáàárín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Aláìsàn yìí la máa kọ́kọ́ parí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ó lè jẹ́ Charcot, kí ló sì yẹ ká ṣe lónìí?" Kí ẹ wá pe ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ní ìrírí, kó dáhùn.

Ìdáhùn náà kò sì ní pẹ́. Ẹsẹ̀ tó wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí awọ rẹ̀ kò bẹ́, lára ẹni tí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, Charcot la ó máa kà á sí títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé, nítorí pé àwọn egungun àárín ẹsẹ̀ lè máa fọ́ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ìgbóná awọ ẹsẹ̀ méjèèjì lójú ibì kan náà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 2°C lọ, ìfura náà lágbára sí i. Kí wọ́n ya X-ray nígbà tó bá ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, bí X-ray kò bá sì fi nǹkan hàn, àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI ló kàn. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, kó ti dé ọwọ́ ikọ̀ ẹsẹ̀, kó sì yé fi ẹsẹ̀ náà rìn. Ohun tí NICE fara mọ́ láti fi gbé ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀ náà ni èyí tí aláìsàn kò lè bọ́ fúnra rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì mọ ẹni tó máa pè, ó tán.

Nísinsìnyí ni kí alága wá yíjú sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àbùkù. Bó bá dàgbà jù yín lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, a ti jọ fọwọ́ sí i pé ẹsẹ̀ la ó máa sọ, a kò ní sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní ìdí tí ẹ fi rò pé kì í ṣe Charcot, a fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó kù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà." Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣàlàyé jù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín dá sí i. Bó bá gbà á padà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bọ́ sórí kókó tó kàn. Bí kò bá gbà á, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ìpàdé a sì tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀

Irú ẹni yìí wọ́pọ̀ gan-an nínú iṣẹ́ wa. Ẹnì kan gbà pé ìtẹ́lẹ̀ bàtà ló máa wo gbogbo àìsàn ẹsẹ̀, títí dé ti ẹ̀yìn àti orúnkún. Ẹlòmíì gbà pé bàtà gan-an ni ọ̀tá, kí gbogbo èèyàn máa sáré láìwọ bàtà. Bí ẹ bá ń pa á lẹ́nu mọ́ lóṣooṣù, yóò di ajẹ́rìíkú lójú ara rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Ṣé ẹ lè wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú ìwádìí méjì tó gbè yín wá àti ọ̀kan tó takò yín?" Bó bá gbà, ẹ ti sọ ariwo di ẹ̀kọ́. Bó bá kọ̀, gbogbo ilé ti rí i pé ó kọ̀.

Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Lórí ọ̀rọ̀ àìwọ bàtà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú ìwádìí Daniel Lieberman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2010. Ìbéèrè tó yẹ kí alága béèrè ni pé kí ni wọ́n wọ̀n. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà balẹ̀ àti agbára tó ń fi kan ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Iye àwọn tó fara pa kọ́ ni wọ́n kà. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré: lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ Vibram, tó ń ṣe bàtà tó ní àyè ìka márùn-ún, gbà láti san mílíọ̀nù 3.75 dọ́là kí wọ́n lè parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè ní Amẹ́ríkà lórí àǹfààní tó sọ pé bàtà náà ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ báyìí, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, olùfẹ́ àìwọ bàtà náà lè rí i pé ẹ ti ka ohun tí òun kà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àṣírí aláìsàn kò ní ìkìlọ̀ àkọ́kọ́

Gbogbo ohun tí mo ti sọ gba sùúrù, àyàfi èyí. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán dìde tí orúkọ aláìsàn wà lórí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, tàbí tí ara fínfín tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ lè jẹ́ ká dá a mọ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. HCPC lè bi àwọn tó wà nínú ìwé rẹ̀ léèrè lórí èyí. Nílé, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 àti Òfin Ìdáàbòbo Dátà ti ọdún 2023 náà kò fàyè gba kí a máa tú àṣírí aláìsàn síta.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, kó tó di ìwé

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé, ẹ pe ẹni tó da ìpàdé rú náà lórí fóònù. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kọ kò ní ohùn, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn yóò sì fi ohùn tó burú jù kà á. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀, bóyá pé ẹni tó ń bá jà ti ń gba oníbàárà rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tàbí pé wọ́n ti gé àkókò tó ní fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan débi pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun kan pàtó tó ṣe, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, àti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe nígbà mìíràn. "Ẹ yí ìwà yín padà" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ má ṣe dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́nà" ni èèyàn lè ṣe.

Bí alága bá kéré sí i púpọ̀ lọ́jọ́ orí, ẹ má fi agídí ṣe é. Ẹ wá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ìpàdé hàn án, kí ó sì bá yín dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí alága fi oṣù mẹ́ta sọ tí kò wọlé, àgbà lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé ìkìlọ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kó kúrò

Bó bá tún ṣe é, ẹ kọ̀wé. Kí ìwé náà kúrú: ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe, òfin tó rú, ohun tí yóò tẹ̀ lé e bó bá tún ṣẹlẹ̀, àti ọ̀nà tó lè gbà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí alága má dá fọwọ́ sí i. Bí ìgbìmọ̀ bá pinnu láti dá a dúró fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí yóò padà. Ìdádúró tí kò ní òpin ìlélọ ni, ẹ má fi orúkọ mìíràn pè é.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má da ìdàlúrú pọ̀ mọ́ ewu. Bí ohun tí ẹnì kan sọ nínú ìpàdé bá fi hàn pé ó ń pa aláìsàn lára, bíi kó máa fi ọ̀bẹ gé awọ tó le kókó kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa láìyẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn débẹ̀ wò rárá, lílé e kúrò nínú ẹgbẹ́ kò wo nǹkan kan sàn, nítorí pé àwọn aláìsàn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wà nínú ìwé HCPC, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wọ́n. Bó bá jẹ́ FHP tó wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Àwọn tó dákẹ́

Lẹ́yìn ìjà, gbogbo ojú a máa wà lára àwọn tó jà. Ẹ wo àwọn tó kù. Nọ́ọ̀sì tó gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn wá lè pinnu pé òun kò ní gbé òmíràn wá mọ́. FHP tó dárúkọ Charcot lè má la ẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló sì ń rí ẹsẹ̀ àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà tí podiatrist ọsibítù lè má rí wọn rárá. Ẹ pe àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ náà. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn náà fún wọn, níwọ̀n bí òfin bá gbà yín láyè. Kí ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa pè láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá tún ṣí ìpàdé.